Jìtá Tí Mo Kàn Ní Ìṣó

Ẹ má bínú sí bí mo ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé mẹ́rin ni mo kà kí bàbá mi tó kú. Láti ìgbà náà, ara pákó ni mo ti ń fi pẹ́ńsù fa ìlà, n kò fi kọ lẹ́tà. Àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òmù-Àrán ló ní kí gbogbo àwa tí a ní iṣẹ́ lọ́wọ́ wá bá àwọn ọmọbìnrin tó ń jáde ìwé mẹ́fà sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè mọ iṣẹ́ tí wọn yóò yàn. Mo ní n kò lè dúró níwájú èèyàn. Bí ojú mẹ́ta bá ti wò mí lẹ́ẹ̀kan, n ó gbàgbé ohun tí mo fẹ́ sọ. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ nígbà náà. Òun ni mo jókòó tì yìí.

N kò tíì dàgbà tó ẹni tó yẹ kó máa sọ pé iṣẹ́ ayé òun ti parí. Orí mi kò tíì hu ewú kan. Ṣùgbọ́n tèmi ti parí. Eruku ìrókò ti wọ̀ mí láyà. Dókítà fi rọ́bà etí rẹ̀ gbọ́ èémí lẹ́yìn mi títí, ó ní bí mo bá tún fẹ́ máa fá igi, kí n kọ́kọ́ lọ kan pósí ara mi. Mo rẹ́rìn-ín, nítorí mo ti kan pósí fún èèyàn tó pọ̀. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí nídìí iṣẹ́ igi, kí ẹ mọ bó ṣe rí kí ẹ tó tọrùn bọ̀ ọ́.

Ìtàn bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Ọdún kejì tí a gba òmìnira ni ìyá mi mú mi kúrò ní Òkè-Onígbìn wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ káfíńtà ní Òmù-Àrán. Kì í ṣe pé mo fẹ́ iṣẹ́ igi. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni oúnjẹ wà. Lọ́jọ́ kan, mo bá wọn di orí pákó mú kí wọ́n fi ayùn là á, ọwọ́ mi kò sì gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wò mí títí. Ó ní, "Máa bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ọmọ iṣẹ́.

Nílé, Bàbá ni mo ń pè é. Ní ṣọ́ọ̀bù, Ọ̀gá ni. Lọ́jọ́ kan, pákó kan ń yọ̀ bọ̀ lórí bẹ́ǹṣì sí mi lẹ́sẹ̀, mo sì pariwo, "Bàbá! Bàbá!" Kò yíjú. Ìgbà tí mo pè é ní Ọ̀gá ló tó gbá pákó náà mú, èékánná ẹsẹ̀ mi kan sì ti lọ.

"Ta lò ń pè ní bàbá níbi iṣẹ́?" Bó ṣe kí mi kú ewu nìyẹn.

Ọdún méjì gbáko ni n kò fi fọwọ́ kan ìfági. Ìṣó tó tẹ̀ ni mo ń nà. Bí wọ́n bá tú ilẹ̀kùn ògbólógbòó, èmi ni n ó ṣa àwọn ìṣó inú rẹ̀, n ó gbé wọn lé orí òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan, n ó fi òòlù nà wọ́n títí wọn yóò fi tọ́. Ọ̀gá fẹ́ràn ìṣó. Ní ayé ìgbà náà, awọ màlúù ni a ń sè fi ṣe gúlù, nínú agolo tí a gbé sínú omi gbígbóná, òórùn rẹ̀ sì burú. Ọ̀gá á na ìka sí agolo náà, á ní, "Gúlù a máa purọ́. Ìṣó kì í purọ́." Ibi gbogbo tí a bá lẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ kàn. Bí ẹnì kan bá fi gúlù nìkan so ẹsẹ̀ àga, Ọ̀gá á gbá a mọ́lẹ̀, á kó àfọ́kù rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ nídìí ààrò. Bọ̀dá Làmídì, ọmọ Òwu-Ìsin kan tó ti kọ́ṣẹ́ yege tó sì ṣì ń bá Ọ̀gá ṣiṣẹ́, máa ń sọ pé, "Rúùtù, ọbẹ̀ àná yẹn dùn o. Àga rẹ ló sè é."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lónìí ti mọ gúlù funfun inú ike. Ẹ ti rí ẹ̀rọ tó ń la pákó ní Ìlọrin, bó ṣe ń ké bí ẹranko. Mo lò ó nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta á di iṣẹ́ àárọ̀ kan. Ṣùgbọ́n ayùn ọwọ́ máa ń ju eruku sílẹ̀ ni, ẹ̀rọ ń fọ́n ọn sójú afẹ́fẹ́. Èyí tí ẹ̀rọ fọ́n ló wà láyà mi báyìí. Ẹ fi aṣọ di imú yín. Kò sí ẹni tó sọ fún wa.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti jìtá.

Ọdún kẹfà tí mo ti wà níbẹ̀, tíṣà kan tó ń kọ́ wa lórin ní ṣọ́ọ̀ṣì gbé jìtá rẹ̀ wá. Ó ti jókòó lé e nínú lọ́rì. Ọ̀gá fi ìka méjì gbé e bí ẹni gbé òkú eku.

"Tíṣà, káfíńtà ni mí. Mo ń ṣe ilẹ̀kùn."

"Ẹ sáà bá mi wò ó, sà."

Ọ̀gá jù ú sí ọ̀dọ̀ mi. "Rúùtù, wò ó fún un."

Mo tú ojú rẹ̀ kúrò. Ẹ̀yin ọmọ, bí mo ṣe rí inú rẹ̀, mo gbàgbé láti mí. Mo ti rò pé inú ohun tó ń dún tó bẹ́ẹ̀ yóò nípọn. Pákó ojú rẹ̀ kò nípọn ju igbá lọ. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n to àwọn ọ̀pá wẹ́wẹ́ sí bí igi àjà ilé, àwọn ló dì í mú kí okùn má baà fà á ya. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tún un ṣe. Kò dún bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó dún. Kí Tíṣà tó gbé e lọ, mo fi òwú wọn gígùn rẹ̀, mo sì fi pépà ya ìdíwọ̀n gbogbo irin tó dá ọrùn rẹ̀ sí ojúlé-ojúlé. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Láàárín àwọn káfíńtà ìlú wa, ọmọ iṣẹ́ kì í gba fíríìdọ́ọ̀mù kìkì nítorí pé ọdún rẹ̀ pé. Yóò dá ohun kan ṣe láìsí ọwọ́ ẹlòmíràn níbẹ̀. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ á wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á gbàdúrà fún un, ìgbà náà ló tó lè fi orúkọ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Wọn kò tíì gba àdúrà yẹn fún obìnrin rí.

Ọdún yẹn ni ọdún mi pé. Alága ẹgbẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa, ó jókòó, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Èyí ńkọ́? Kí ló fẹ́ ṣe fún wa? Àpótí ìjókòó?"

Mo lè sọ pé ilẹ̀kùn. Mo lè fi ojú dídì ṣe ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Jìtá, sà."

Bọ̀dá Làmídì fi òòlù sílẹ̀. "Ẹ gbà mí o! Ìyá Jìtá!"

"Ta ló kọ́ ọ?" ni Ọ̀gá bi mí. "Èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá rẹ, n kò mọ̀ ọ́n ṣe."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá, mo ti rí inú rẹ̀."

Alága rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ la ó fi wọ̀n ọ́n. Bó bá bàjẹ́, ìwọ àti igi parí nìyẹn. Ìyá rẹ á wá mú ọ lọ sílé, a ó sì gbọ́ ìròyìn ìgbéyàwó rẹ."

Ọdún yẹn náà ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ tiwa sílẹ̀, tí wọ́n ní Ìlọrin ni olú ìlú. Ọ́fíìsì ń bẹ, tábìlì kò sí. Wọ́n ń kó káfíńtà láti ibi gbogbo lọ síbẹ̀. Alága lọ, Ọ̀gá lọ, Bọ̀dá Làmídì lọ. Wọ́n ní bí àwọn bá dé nígbà ọyẹ́, àwọn yóò wá wo jìtá mi. Ó ku èmi nìkan ní ṣọ́ọ̀bù, òjò sì ń rọ̀.

Mo fi ọ̀gànwó ṣe ọrùn rẹ̀. Mo fi arère ṣe ojú rẹ̀, nítorí arère fúyẹ́, ó sì funfun. Igi ọmọ̀ ni mo fi ṣe ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀gbẹ́ yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ sóde, kó tẹ̀ sínú, kó tún tẹ̀ sóde. Mo rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, mo dáná sábẹ́ ìkòkò irin ńlá tí ìyàwó Ọ̀gá fi ń se ẹ̀kọ, mo wá ń tẹ igi náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò náà díẹ̀díẹ̀. Èkíní ṣẹ́. Èkejì ṣẹ́. Ẹ̀kẹta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ tán kó tó ṣẹ́, ó sì jó mi lápá.

"Rúùtù," ni ìyàwó Ọ̀gá ń ké láti inú ilé, "ṣé igi la máa jẹ lálẹ́ òní ni?"

Ìkẹfà ló gbà. Mo fi okùn dè é mọ́lẹ̀, mo sì jókòó tì í bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ ni mo gé fún irin ọrùn rẹ̀. Tíṣà bá mi ra okùn rẹ̀ bọ̀ láti Ìlọrin.

Ó wá ku kí n lẹ ojú rẹ̀ mọ́ àwọn ọ̀pá abẹ́ rẹ̀. Mo se gúlù. Mo lẹ̀ ẹ́. Mo dúró. Ẹ̀rù wá bà mí. Gúlù a máa purọ́. Okùn mẹ́fà ni yóò máa fa nǹkan yìí lọ́sàn-án lóru, gúlù nìkan ni yóò sì dì í mú? Jìtá Tíṣà kò ní ìṣó kankan, mo fi ojú mi rí i. Ṣùgbọ́n ohùn Ọ̀gá ló wà létí mi. Mo wá àwọn ìṣó tó kéré jù lọ nínú agolo, mọ́kànlá, mo kàn wọ́n láti ojú pákó wọ inú àwọn ọ̀pá náà. Mo fi gúlù pẹ̀lú eruku igi dí orí wọn, mo kun fáníìṣì lé e. Ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀. Ara mi wá balẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ rèé. Tí a bá ń ṣe ilẹ̀kùn, a kì í kan pákó àárín rẹ̀. Inú ojú ihò la ń kì í bọ̀, a ó fi àyè sílẹ̀ fún un, nítorí ìgbà òjò a máa wú, ìgbà ọyẹ́ a máa sún kì. Mo mọ èyí bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Mo ti kì wọ́n bọ ihò fún ọdún mẹ́rin. Ṣùgbọ́n n kò rò ó rárá pé jìtá náà jẹ́ igi bí ilẹ̀kùn.

Wọ́n dé láti Ìlọrin. Jìtá ń dán lórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀gá wò ó láti òkèèrè, kò fọwọ́ kàn án, ó ní ó di ọjọ́ àwọn àgbà. Wọ́n dá ọjọ́. Mo ránṣẹ́ sí ìyá mi.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin, ọyẹ́ dé. Kò dé díẹ̀díẹ̀ lọ́dún yẹn. Àárọ̀ ọjọ́ kan la jí, ètè gbogbo èèyàn sì ti bó. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo ń lọ ata lẹ́yìn ilé, mo gbọ́ *pá!* láti inú ṣọ́ọ̀bù, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ igi ìdáná. Mo mọ ohun tó jẹ́ kí n tó dìde. Mo sáré wọlé pẹ̀lú ata lọ́wọ́. Ojú jìtá ti là lábẹ́ okùn, láti orí ìṣó kan dé èkejì dé ẹ̀kẹta, ó tọ́ bí ìlà tí a fi rúlà fà.

N kò ké. Ọ̀gá àti Bọ̀dá Làmídì kò sí nítòsí, mo ti ilẹ̀kùn. Mo dẹ okùn, mo fi gúlù àti eruku arère dí i, mo fi sáńpépà fá a, mo kun fáníìṣì tó dúdú díẹ̀ lé gbogbo ojú rẹ̀ kó lè rí bákan náà. Ọwọ́ mi tí kì í gbọ̀n ń gbọ̀n. Ọjọ́ méjì ni mo fi bẹ Ọlọ́run pé kí ọyẹ́ dáwọ́ dúró títí àwọn àgbà yóò fi lọ. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Mo mọ òwe náà. Mo sì ń fi itọ́ mọ ọ́n.

Ọjọ́ pé. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ mẹ́fà jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyá mi ti dé pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ mẹ́ta, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń nu ojú tí kò làágùn. Tíṣà mú jìtá, ó bẹ̀rẹ̀ sí fa okùn le. Bó ṣe ń yí i ni igi náà ń ké, *kíì, kíì*, ní ohùn tó kéré. Èmi nìkan ló dà bíi pé mo ń gbọ́ ọ. Mo ń ka okùn náà nínú ọkàn mi. Ọ̀kan. Méjì. Nígbà tó fa ìkẹfà le, mo dijú.

Kò ya. Tíṣà kọ orin ìyìn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dún ju tirẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà pàtẹ́wọ́. Òmíràn ní, "Obìnrin ló ṣe eléyìí?"

Bọ̀dá Làmídì ní, "Ìyá Jìtá ni, ẹ fi orúkọ rẹ̀ pè é!"

Alága ṣí fìlà. Gbogbo wọn dìde fún àdúrà. Ọ̀gá gba jìtá lọ́wọ́ Tíṣà kó lè gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ń fi àtàǹpàkò pa ojú rẹ̀ bó ti máa ń pa ojú tábìlì tí a bá ṣe tán. Mo rí i tí àtàǹpàkò náà dúró. Ó padà sẹ́yìn. Ó tún dúró. Ó gbé ojú sókè, ó wò mí.

Bó bá dákẹ́, wọ́n á gbàdúrà. Bó bá sọ̀rọ̀, ó parí. Mo sì rí i pé kò ní sọ ọ́. Ọmọ àbúrò rẹ̀ ni mí. Ó ti ń na jìtá náà sí mi.

"Ó ti là, Ọ̀gá," ni mo wí. Ohùn mi kéré tó bẹ́ẹ̀ tí Alága fi ní, "Kí ló sọ?"

"Ó ti là lábẹ́ fáníìṣì. Mo dí i ni. Mo kàn án ní ìṣó, mo sì ṣe é nígbà òjò, igi kò tíì gbẹ. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó fẹ́ sún kì, ìṣó kò jẹ́."

Alága dé fìlà padà. "Ìṣó? Lára jìtá? Ta ló kọ́ ọ ní wèrè yẹn?"

Mo wo ilẹ̀. Mo lè dáhùn.

"Èmi ni," ni Ọ̀gá wí.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá gbé jìtá lé orí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó kan gbogbo nǹkan. Èmi ò kọ́ ọ pé kó fi pa mọ́, ìyẹn tirẹ̀ ni."

Wọ́n sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn pẹ́. Ẹnì kan ní kó parí síbẹ̀, adéhùn ni adéhùn. Òmíràn ní ọkùnrin mélòó ló ti ṣe àga tó ya lẹ́yìn àdúrà tí wọn kò jẹ́wọ́. Níkẹyìn, Alága ní, "A kò gbàdúrà kankan lónìí. Bí òmíràn bá wà lórí bẹ́ǹṣì yìí nígbà ọyẹ́ ọdún tó ń bọ̀, tí kò là, a ó wá. Bí kò bá sí, kí ẹnikẹ́ni má pè wá mọ́."

Wọ́n jẹ oúnjẹ ìyá mi, wọ́n lọ. Ìyá mi fọ abọ́, kò bá mi jà. Ó kàn ní, "Ó tó, Rúùtù. Ọdún mẹ́fà tó. Di ẹrù rẹ. Lọ́rì àárọ̀ la ń bá lọ sí Òkè-Onígbìn." Ọ̀gá wà níbẹ̀, ó ń kó irinṣẹ́ sínú àpótí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó jí, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù. N kò di ẹrù. Mo yẹ àwọn pákó arère wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí mo fi rí èyí tí kò ní kókó, tí ìlà ara rẹ̀ tọ́. Mo là á ní tẹ́ẹ́rẹ́. Mo gbé e lọ sí ilé ìdáná, mo gbé àga kan lé orí àpótí, mo gùn ún, mo bẹ̀rẹ̀ sí to pákó náà sórí igi àjà lókè ààrò, níbi tí èéfín àti ọyẹ́ á ti máa gbà á kọjá fún odindi ọdún kan. Mo fi òkúta wẹ́wẹ́ sáàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè ráyè. Àga náà ń mì lábẹ́ mi.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀. Ìyá mi ni, ó ti wọ aṣọ ìrìn àjò, ẹrù rẹ̀ wà lórí. Ó wò mí lókè. A gbọ́ tí lọ́rì ń fọn fèrè ní gáréèjì. Ó sọ ẹrù náà kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ àga náà mú.